Ẹ̀kán Bẹntiróòlù Kan, Fátíhà Kan

Bàbá mi, ẹ̀yin tí òórùn bẹntiróòlù kì í kúrò lára aṣọ yín,

Ọmọ yín obìnrin ló ń kọ̀wé yìí. Ẹ óò ti mọ̀ láti ara ọwọ́ ìkọ̀wé náà, nítorí lẹ́tà kéwú ni mo fi ń kọ èdè wa, bí ẹ ṣe kọ́ mi, ìlà rẹ̀ kò sì tíì gún di òní. Orí ìwé tí ẹ kó bọ̀ láti ọ́fíìsì ajẹ́lẹ̀ ni mo ń kọ ọ́ sí, àwọn tí ẹ tọ́jú sábẹ́ ẹní, tí ẹ ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn. Mo ti fọwọ́ kàn án. Ẹ má bínú sí mi.

Ara ilé le. Ìyá mi ń kí yín. Orúnkún ṣì ń dùn ún, ó ṣì ń fi òrí pa á, ó sì ṣì ń sọ pé ẹ̀yin nìkan lẹ mọ bí a ṣe ń fi ọwọ́ ra á. Àwọn ọmọ mi méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀ ilé kéwú. Kíjìpá tí mo ń hun lọ́jọ́ tí ẹ kú, tí mo fi sílẹ̀ lórí òfì títí a fi ṣe àdúà ogójì ọjọ́, mo ti hun ún tán, mo sì ti tà á ní Ọjà-Ọba. Mo fẹ́ fi rán nǹkan wọ̀ tẹ́lẹ̀ ni, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ máa rí i.

Kì í ṣe ìròyìn ilé ni mo jókòó láti kọ, ẹ mọ̀ mí. Mo ṣe ohun kan sí Sálíù àbúrò mi àti sí Ìyàwó. Mo ti sọ ọ́ fún Ọlọ́hun lórí ìrun, àmọ́ ọkàn mi kò balẹ̀ nítorí ẹ̀yin ni mo ṣẹ̀ jù. Owú ni, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n dárúkọ rẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀, kí n má baà máa fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀ bí mo ṣe ń lọ. Mo jowú ọmọ yín ọkùnrin, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ba nǹkan yín jẹ́.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ ti alùpùpù yẹn wọ agboolé wa? Ajẹ́lẹ̀ tí ẹ ń ṣe mésénjà fún ń padà sí ìlú rẹ̀, ẹ̀rọ náà sì ti gbó mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn òyìnbó tó kù kò fẹ́ ẹ. Ó ní kí ẹ máa mú un lọ, nítorí ẹ̀yin lẹ ti ń nù ún láti ọdún tó ti gbé e dé. Ẹ kò gùn ún wálé. Ẹ fi ọwọ́ tì í láti ẹ̀bá réluwé, ẹ gba iwájú ààfin, ẹ gba inú Ọjà-Ọba, àwọn èèyàn ń tẹ̀lé yín bí ìgbà tí wọ́n ń sin ìyàwó lọ sílé ọkọ. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ẹ̀rọ náà láti òkè dé ilẹ̀, ó ní ìyàwó wo lẹ tún gbé dé yìí, tí ara rẹ̀ ń dán ju tàwa lọ. Gbogbo agboolé rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni alùpùpù yín ti di Ìyàwó.

Àwọn yòókù ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ìyá mi kò ṣeré. Ó ní òórùn rẹ̀ kò ní wọ ọ̀ọ̀dẹ̀ òun. Ìyá Sálíù, ìyàwó yín kékeré, ní kí ẹ gbé e wá sí ọ̀ọ̀dẹ̀ tòun. Bí Ìyàwó ṣe di ẹni tó ń sùn nítòsí Sálíù nìyẹn. Nígbàkígbà tí wọ́n bá fún un láyè láti ilé àáfà tó ti ń kọ́ kéwú wá kí wa, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ yẹn ló máa ń tẹ́ ẹní sí, á nu ún kó tó fọ ojú ara rẹ̀. Bí ìyá mi bá ti gbà á sí ọ̀dọ̀ wa lọ́jọ́ náà, ṣé èmi lẹ̀ bá kọ́? Mo ti bi ara mi ní ìbéèrè yẹn títí ó ti sú mi. Mi ò tíì bi ìyá mi.

Àárọ̀ yín ni mo fẹ́ràn jù. Bí ẹ bá ti kírun Àsùbáà tán, ẹ ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà níbi tí oòrùn kò tíì dé, ẹ ó fa garawa bẹntiróòlù mọ́ra, ẹ ó ki ìyẹ́ ẹtù bọ inú rẹ̀, ẹ ó sì kán ẹ̀kán kan ṣoṣo sí ẹ̀yìn ọwọ́ òsì yín. Ẹ ó wá máa wò ó. Ètè yín á máa mì. Nígbà mìíràn ẹ ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ ó da epo náà sínú Ìyàwó. Nígbà mìíràn ẹ ó pòṣé, ẹ ó dé garawa, ẹ ó ní kí wọ́n dá a padà fún ẹni tó tà á, ẹ kò sì ní ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn ọlọ́jà mọ̀ yín, wọ́n sì ń bẹ̀rù yín. Àwọn kan nínú wọn máa ń la garawa, wọ́n á bu bẹntiróòlù díẹ̀ kúrò, wọ́n á fi kẹrosíìnì tí a fi ń tan àtùpà rọ́pò rẹ̀, wọ́n á wá fi òjé dí ojú rẹ̀ padà bí ẹni pé réluwé ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e dé. Ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Imú pàápàá kò tó, nítorí òórùn bẹntiróòlù máa ń borí èkejì. Mo rántí bàbá kan tó wá sí ilé wa tó ń fi Alùkùránì búra pé òun kò po nǹkan kan mọ́ ọn. Ẹ kò bá a jiyàn. Ẹ ní kó fi ìgò kan nínú rẹ̀ sílẹ̀ fún ìyá mi, kí àwọn fi tan àtùpà wò. Ó gbé garawa rẹ̀, ó sì lọ. Ẹ rẹ́rìn-ín títí ẹ fi wúkọ́ lọ́jọ́ náà.

Mo máa ń sún mọ́ yín bí ẹ bá ti mú ìyẹ́ ẹtù. Ẹ ó ní kí n lọ pọn omi. Bí mo bá pọn omi dé, ẹ ó ní kí n lọ wo iná. Àmọ́ bí Sálíù bá wà nílé, á di etí garawa mú, ẹ kò ní lé e. Kí ló dé, Bàbá? Nítorí pé ọkùnrin ni? Àbí ẹ̀ ń bẹ̀rù kí epo yẹn má gbiná mọ́ mi lára? Iná tí ẹ ní kí n lọ wò ńkọ́? Ẹ gbé Sálíù sẹ́yìn Ìyàwó títí dé Ìpàta lọ́jọ́ ọdún iléyá kan, ó dé, kò sọ ọ̀rọ̀ mìíràn fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Èmi kò gùn ún rí. Mi ò bèèrè náà, òótọ́ ni.

Nígbà tí àìsàn dá yín dùbúlẹ̀, èmi ni mo ń ti ilé ọkọ mi wá láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, tí mo ń po ẹ̀kọ fún yín, tí mo ń fọ aṣọ yín. Ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú ikú yín, mo gbé ẹ̀kọ wọlé, ẹ ní kí n gbé e sílẹ̀ kí n jáde, kí n sì pe Sálíù. Ó pẹ́ lọ́dọ̀ yín. Mo jókòó sórí àpótí níta, mo ń wo ilẹ̀kùn. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ ti pọ́n, ó sì ń rìn bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wé láwàní fún. Mo bi í ní ohun tí ẹ sọ. Ó ní ọ̀rọ̀ Ìyàwó ni, ó ní ẹ fi hàn òun bí a ṣe ń mọ epo tó tọ́ sí i. Mo wọlé lọ bá yín. Ẹ ti sùn. Ẹ̀kọ náà ti tutù, ẹ kò mu ún.

Kò sí ohun tí ẹ fi sílẹ̀ tó dùn mí tó ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ nínú yàrá yẹn. Àwọn àáfà pín ilé, wọ́n pín oko bí Ọlọ́hun ṣe là á sílẹ̀, mi ò ráhùn. Ọ̀rọ̀ yẹn ni wọn kò pín.

Nígbà tó pé oṣù méjì tí ẹ kú, ọ́fíìsì ní kí Sálíù máa fi Ìyàwó bá àwọn gbé lẹ́tà lọ sí Láfíàgí, nítorí ojú irin kò dé ibẹ̀. Inú gbogbo agboolé dùn. Mo wá sílé láàárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ kọ́kọ́ lọ. Ó ti jókòó sí ẹnu ọ̀nà yín. Ó ki ìyẹ́ ẹtù bọ garawa, ó kán ẹ̀kán kan sí ẹ̀yìn ọwọ́, ó lanu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké Fátíhà sókè. Ó ké e láti Bísímílláhì dé Ààmín. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ọwọ́ ti gbẹ, ó da epo náà sínú Ìyàwó.

Mo fara ti ògiri. Ohun tí ètè yín ń sọ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn nìyẹn. Ẹ̀kán tí kò bá dúró de Ààmín, bẹntiróòlù gidi ni. Èyí tó bá ṣì ń dán lọ́wọ́ lẹ́yìn Ààmín, wọ́n ti po kẹrosíìnì mọ́ ọn. Aago kò sí nílé wa, ẹ fi Fátíhà ṣe aago, ó sì tún jẹ́ àdúà fún ẹni tó fẹ́ rin ọ̀nà. Mo rẹ́rìn-ín níbi tí mo dúró sí, nítorí ó jọ yín. Lẹ́yìn náà ni mo wá ronú sí ohun tí etí mi gbọ́, ẹ̀rín náà sì tán lójú mi.

Ẹ mọ bí Sálíù ṣe ń ké kéwú. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ àáfà àgbà ní Òkè Ìmàlẹ̀ kó lọ máa gbé ibẹ̀. Ohùn rẹ̀ dùn. Á fa ọ̀rọ̀ gùn, á gbé e sókè, á sọ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́, á dúró mí dáadáa níparí áyà Alùkùránì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó parí Alùkùránì tí a ṣe wòlímátù rẹ̀, àwọn obìnrin ń sunkún, ẹ̀yin náà sì ń fi etí láwàní nu ojú. Mo wà lẹ́yìn, mò ń bu oúnjẹ. Mi ò lè gbé ojú sókè nítorí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí bí mo ṣe ń wò ó.

Èmi kò ṣe wòlímátù. Sòbìyà jẹ mí lẹ́sẹ̀ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ ilé kéwú, mi ò lè rìn, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní Fátíhà fúnra yín. Ẹ ó gbé mi lé itan láàárọ̀, ẹsẹ̀ yín kan á ti wà níta nítorí òyìnbó yín kì í fẹ́ kí ẹ pẹ́. Ẹ ó sáré ké e, èmi náà á sáré tẹ̀lé yín. Kò sí fífà, kò sí gbígbé sókè. Ibì kan ṣoṣo lẹ ti máa ń mí nínú gbogbo rẹ̀, ẹ ó sì tún bọ́ sọ́nà. Nígbà tí ẹsẹ̀ mi san tí mo dé ọ̀dọ̀ àáfà, ó ní ta ló ń lé mi bọ̀. Ó ní ṣé ejò ló wà lẹ́yìn mi ni. Àwọn ọmọ kéwú fi mí ṣe ẹlẹ́yà títí ó fi sú àwọn náà. Àáfà gbìyànjú láti tún un ṣe, kò ṣeé tún ṣe. Fátíhà yín ló wà lẹ́nu mi, òun ni mo sì fi ń kírun di òní, Ọlọ́hun á foríjì mí.

Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn. Kí Sálíù tó dé ìdajì, èmi á ti ṣe Ààmín. Fátíhà rẹ̀ kan tó mẹ́ta yín. Bí ẹ bá fún epo tí wọ́n po díẹ̀ ní ààyè tó bẹ́ẹ̀, òun náà á gbẹ, pàápàá nígbà ọyẹ́. Ẹ kò sọ fún un bó ṣe yẹ kó yára tó. Bóyá ara yín kò gbé e mọ́. Bóyá ẹ rò pé bí ẹ ṣe ń ké e ni gbogbo ayé ń ké e. Mo mọ̀ ọ́n láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, mi ò sì sọ nǹkan kan. Mo kí i pé kó lọ re kó bọ̀ re, mo gba ilé ọkọ mi lọ.

Mo sọ fún ara mi pé wọn kò pè mí. Mo ní ẹni tí wọ́n pè wọ yàrá ni kó mọ̀ ọ́n. Ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó ń tú èéfín, ó ń gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, bí wọ́n bá fẹ́ jí i láàárọ̀, á kọ̀. Ìró rẹ̀ yẹn, tí a máa ń gbọ́ láti ọ̀nà Ìpàta nígbà tí ẹ bá ń bọ̀, tí ìyá mi á ti gbé omi ìwẹ̀ yín síta kí ẹ tó dé, ó yí padà di ti ẹni tí egungun há sí lọ́fun. Mò ń gbọ́ ọ láti ìdí òfì mi. Inú mi ń dùn, Bàbá. Mi ò lè kọ ohun mìíràn síbẹ̀. Inú mi ń dùn, mo sì ń hunṣọ lọ.

Sálíù tú u palẹ̀, ó ha dúdú tó dì mọ́ inú rẹ̀, ó tò ó padà, kò pẹ́ ni ó tún dà bẹ́ẹ̀. Ó pààrọ̀ ọlọ́jà. Nígbà tó yá, ó rò pé ìkánjú òun ni àṣìṣe, ni ó bá tún ń fa Fátíhà náà gùn sí i. Bó ṣe ń bẹ̀rù tó ló ń fà á tó, bó ṣe ń fà á tó ni epo burúkú ń ráyè gbẹ tó. Ìyá rẹ̀ ní ojú ayé ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ìhà ọ̀dọ̀ mi ló kọjú sí nígbà tó sọ ọ́. Mo bínú, mo sọ fún un pé kó máa fara balẹ̀ sọ̀rọ̀, mo gbé gèlè mi, mo jáde. Ṣùgbọ́n kò purọ́, àbí? Ojú mi ló wà níbẹ̀. Akọ̀wé ọ́fíìsì sì ti kìlọ̀ fún ọmọ náà lẹ́ẹ̀mejì pé bí lẹ́tà bá tún pẹ́, àwọn á gbé iṣẹ́ náà fún ẹlẹ́ṣin.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni Ìyàwó kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lójú ọ̀nà Láfíàgí. Ó wá ẹni tó bá a gbé lẹ́tà dé ibi tó ń lọ, ó sì ti Ìyàwó padà wálé. Ọjọ́ méjì ló fi rìn ín. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo wà nígbà tó wọlé lẹ́yìn ìrun Alásárì. Bàtà rẹ̀ kan ti já, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Ó fi Ìyàwó ti ògiri, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà yín, kò kí ẹnikẹ́ni. Ìyá mi, tí kò fi ojúure wo ẹ̀rọ yẹn rí, ló bu omi fún un. Ó mu ún tán, ó ní òun máa tà á fún alágbẹ̀dẹ kó fi irin rẹ̀ rọ ọkọ́. Ó ní kò sí ohun tí ẹ ní kí òun ṣe tí òun kò ṣe. Ó wá ní, “Bàbá ló tàn mí. Wọn ò fẹ́ kí n gùn ún, wọ́n kàn wá nǹkan sọ fún mi.”

Kí Ìyàwó kú, mo rò pé mo lè fara dà á. Àmọ́ kó jókòó sí ẹnu ọ̀nà yín kó máa pè yín ní ẹlẹ́tàn, nígbà tó jẹ́ pé èmi ni, ara mi kò gbà á. Mo tún ro ti ọkọ́ náà. Irin tí ẹ fi gbogbo ayé yín nù, tí ẹnì kan á máa fi kọ ebè nínú oko rẹ̀, tí mi ò sì ní gbọ́ ìró rẹ̀ mọ́ láé. Mo ní kó má tà á. Mo ní kó lọ bu bẹntiróòlù díẹ̀díẹ̀ wá lọ́dọ̀ ọlọ́jà mẹ́ta, kó dúró dè mí di àárọ̀. Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jókòó sí ibi tí ẹ máa ń jókòó. Kò sí ẹni tó ní kí n lọ pọn omi. Sálíù ki ìyẹ́ bọ ìgò àkọ́kọ́, ó kán an sí ẹ̀yìn ọwọ́ òsì mi, ó tutù mọ́ mi lára. Mo ké Fátíhà yín. Mo ṣe Ààmín, ẹ̀kán náà ṣì ń dán. Mo nù ún. Ìgò kejì, bákan náà ni, mo nù ún. Ìgò kẹta wá láti ọ̀dọ̀ arúgbó obìnrin kan lẹ́yìn réluwé, tí Sálíù kì í rà lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé ẹnu rẹ̀ mú. Mo ké e. Kí n tó kan Ààmín, ọwọ́ mi ti gbẹ, bí ẹni pé nǹkan kan kò kàn án.

Mo gbójú sókè láti sọ fún un pé èyí ni. Kò wo ọwọ́ mi. Ẹnu mi ló ń wò, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tún un ké.” Mo tún un ké. Ó ní Bàbá nìyẹn. Ó ní òun ti gbọ́ ọ rí, nígbà tí òun kò tíì lọ sí Òkè Ìmàlẹ̀, tí òun máa ń fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn ìyá òun láàárọ̀, tí òun á máa wo bí ẹ ṣe gbé mi lé itan tí ẹ ń kọ́ mi. Ó ní òun máa ń bẹ Ọlọ́hun kí sòbìyà jẹ òun náà. Dípò ìyẹn, ẹ fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ pé kó bá yín kọ́ ọ. Ó ní látọjọ́ náà ni òun ti ń jowú mi, àti pé lọ́jọ́ tí ẹ pe òun wọ yàrá, òun rò pé ẹ fẹ́ ké Fátíhà kan pẹ̀lú òun. Ẹ kò lè ké e. Ẹ kàn ní kó máa ké e ni.

Mi ò mọ̀ rí. Gbogbo ọdún tí mo fi ń jowú ohùn rẹ̀, ìkánjú tèmi lòun ń jowú. Mo wá sọ fún un pé mo ti mọ ohun tó ń ṣe Ìyàwó láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó ní ká ní òun ni, bóyá òun náà kò ní sọ. Àmọ́ kò jẹ oúnjẹ tí mo gbé wá fún un lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ kejì ló jẹ ẹ́.

Ó fi bẹntiróòlù arúgbó yẹn ṣan inú Ìyàwó, ó da tuntun sí i, ó tì í sáré yí agboolé ká lẹ́ẹ̀mejì. Ìyàwó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ohùn rẹ̀ sì là. Ohùn rẹ̀ àtijọ́ ni, Bàbá, kò yingin rárá. A kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan tí ìyá mi fi jáde láti yàrá rẹ̀ pẹ̀lú omi ìwẹ̀ yín lọ́wọ́. Ó gbé e kalẹ̀ síbi tó máa ń gbé e sí. Lẹ́yìn náà ló wá rí wa, ó wo Ìyàwó, ó wo omi náà. Sálíù bọ́ bùbá rẹ̀, ó fi omi náà wẹ̀.

Láti ìgbà náà, kì í da epo sí i bí mi ò bá tíì dé. Lẹ́tà Láfíàgí kò pẹ́ mọ́. Mò ń kọ́ ọ bó ṣe máa ké e, kò lè kánjú, ẹnu rẹ̀ á ti fà á kó tó mọ̀. Ẹ ó mọ̀ bí mo bá purọ́, torí náà mi ò ní purọ́: inú mi dùn pé kò mọ̀ ọ́n. Ibì kan ṣoṣo tí ẹ ti máa ń mí yẹn, mi ò tíì fi hàn án. Mo máa fi hàn án. Ẹ jẹ́ kó ṣì jẹ́ tèmi fún ìgbà díẹ̀ sí i.

Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi, ṣé ẹ mọ̀? Nígbà tí ẹ sọ ìdajì fún un nínú yàrá yẹn, ṣé ẹ mọ̀ pé ìdajì kejì ti wà lẹ́nu mi láti ìgbà tí ẹsẹ̀ ti ń dùn mí? Ṣé ẹ fẹ́ kó wá bá mi ni? Àbí ẹ gbàgbé lásán, tí èmi wá ń wá ara mi kiri nínú ohun tí ẹ gbàgbé? Ọ̀rọ̀ kan péré ni, Bàbá, nígbà tí mo gbé ẹ̀kọ wọlé. Ẹ bá ti sọ ọ́.

Sálíù ní gbogbo Fátíhà tí a bá ti ké sórí epo Ìyàwó, ọ̀dọ̀ yín là ń fi ránṣẹ́ sí. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Torí náà, láàárọ̀ ọjọ́ tó bá ń lọ Láfíàgí, méjì ni ẹ ó máa rí gbà, nítorí òun náà máa ń ké tirẹ̀ tí mo bá ti ké tèmi. Èyí tó gùn, tó dùn, tó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ jẹ́jẹ́, ti Sálíù ni. Ẹ gbà á dáadáa, kí inú rẹ̀ lè dùn. Èyí tó bá kọ́kọ́ dé, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, èmi ni mo rán an. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe Ààmín sí.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ gbé lé itan, tí ẹ kọ́ ní Fátíhà pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan níta, tó ṣì ń jowú nítorí yín.